Ọkọ̀ Apẹja Lórí Odò Ògùn àti Adágún Ọ̀yán

Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí ó gbọ́ ìtàn ìlú rẹ̀ tí kò mọ̀ pé orí omi ni ọ̀nà ọjà Abẹ́òkúta wà ní ìgbà àtijọ́. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Fún bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ alájẹ̀ ni ó ń kó epo pupa, èkùrọ́ àti òwú láti èbúté Àrò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, òun náà ni ó sì ń kó iyọ̀ àti aṣọ gòkè bọ̀. Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè la ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹrù kúrò lórí omi, ó bọ́ sórí irin. Odò kù fún apẹja, fún àwọn tí ń wa iyanrìn, àti fún ẹni tí ó fẹ́ sọdá sí oko rẹ̀. Ìmọ̀ ọkọ̀ kò parun, ṣùgbọ́n ó dínkù ní agboolé àwọn àgbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó lè mọ ẹ̀gẹ́ tí ó gbó ní òkèèrè kò lè mọ ọkọ̀ tí ó ti jẹrà bí ó tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn án.

Àìmọ̀ yìí kì bá tí pa ẹnikẹ́ni lára bí omi bá wà bí ó ti wà látijọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìdídò Ọ̀yán, ní nǹkan bí ogún kìlómítà sí Abẹ́òkúta, lórí odò Ọ̀yán tí ń ṣàn lọ pàdé odò Ògùn. Omi tí ó tẹ́ sílẹ̀ sẹ́yìn ìdídò náà tó 4,000 hẹ́kítà nígbà tí ó bá kún, ó sì lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì. A ṣe é kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu; ilẹ̀ oko púpọ̀ sì rì. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ baba rẹ̀ wà ní ìhà Ìmálà tàbí Ọlọ́rundá bá ara rẹ̀ létí ohun tí ó dà bí òkun kékeré. Ẹja sì wà nínú rẹ̀: ẹ̀pìyà wà, àrọ̀ wà, ọ̀bọ̀kún wà. Kí ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe bí kò ṣe kí ó wá ọkọ̀?

Owó tí àgbẹ̀ fi ń wá ọkọ̀ kì í ṣe owó ìṣeré. Owó ẹ̀gẹ́ ọdún méjì ni, tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí yóò san padà yálà ó rí ẹja pa tàbí kò rí. Bí owó náà bá bómi lọ, ọmọ ni kì yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní sáà tí ń bọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ra ọkọ̀ lónìí ń ti ẹ̀yìn ná owó wọn. Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ pákó ni wọ́n ń parí sí. Ẹni tí ó ra páànù kí ó tó mọ ògiri kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá ti kan ẹ́ńjìnnì, owó tí ó kù a máa ra ọkọ̀ tí ó rọlẹ̀ jù lọ ní èbúté, kò sì ní ku kọ́bọ̀ fún ohun tí yóò mú ènìyàn léfòó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé. Ara ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ohun tí ń gba ẹ̀mí là, lẹ́yìn èyí àwọ̀n. Ẹ́ńjìnnì ni kí ó kẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ pọn dandan rárá.

Oríṣi ọkọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀: èyí tí a gbẹ́ láti inú igi kan ṣoṣo, àti èyí tí a fi pákó kàn. Èyí tí a gbẹ́ kò ní oríkèé tí omi lè gbà wọlé, bí ó bá sì forí gbá àpáta, ó lè dún kí ó má fọ́. Ṣùgbọ́n igi ńlá tí a lè gbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìrókò kì í tètè jẹrà, kòkòrò kì í sì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó wúwo, ènìyàn méjì kò sì lè dá a wọ́ gòkè. Ọmọ̀, igi kan náà tí àwọn onílù fi ń gbẹ́ ìlù, fúyẹ́, kì í sì í yọ àwọn agbẹ́gi lẹ́nu. Ọ̀gánwó wà láàárín àwọn méjèèjì. Àràbà tóbi, ọkọ̀ tí a bá fi gbẹ́ a máa gbòòrò bí ìyẹ̀wù, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó sì ń yára jẹrà. Ẹni tí ó bá rà á kí ó mọ̀ pé ọdún mélòó kan péré ni òun rà. Arère ni kò yẹ kí àgbẹ̀ tilẹ̀ bèèrè iye rẹ̀. Ó funfun, ó dára lójú, ó dára fún àjà ilé, ṣùgbọ́n bí ó bá ń wọ omi tí ó sì ń jáde sínú oòrùn, olú ni yóò hù lára rẹ̀. Àwọn kan a sì máa fi ọ̀dà kùn ún, wọn a pè é ní ọ̀gánwó. Kí ẹni tí ń rajà mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, kí ó fi ha igi náà lábẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Ní ọdún 1987, darandaran Fúlàní kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, irin iṣẹ́ rẹ̀ sì kan ohun líle nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ ni. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé hú u jáde tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, gígùn rẹ̀ ju mítà mẹ́jọ lọ díẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí 8,000 ọdún. A kò tíì rí ọkọ̀ tí ó dàgbà jù ú lọ ní gbogbo Áfíríkà. Kí ni ó pa á mọ́ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọ̀dà. Inú amọ̀ tútù ni ó wà, níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé. Igi tí ó wà nínú omi nígbà gbogbo kì í jẹrà bọ̀rọ̀, igi tí ó gbẹ nígbà gbogbo kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Èyí tí ó ń rin tí ó ń gbẹ, tí ó tún ń rin tí ó tún ń gbẹ, òun ni ó ń jẹrà. Ibi tí ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú omi ń kàn, àti abẹ́ ìjókòó níbi tí omi òjò ń dúró sí. Kí ẹni tí ń ra ọkọ̀ àlòkù má ṣe wo orí rẹ̀ tí a kùn. Ibi méjì wọ̀nyí ni kí ó gún ní ọ̀bẹ. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á, kí ó sì máa lọ sí ilé.

Ọkọ̀ pákó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ yóò rà, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn sì wà lára àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kàn dáradára. Ohun mẹ́ta ni ó ń ba irú ọkọ̀ yìí jẹ́: ìṣó, oríkèé àti egungun. Ìṣó lásán a máa dípẹtà, ìpẹtà náà a sì jẹ igi yí ìṣó ká títí ihò yóò fi tóbi ju ìṣó lọ. Nítorí náà ìṣó tí a fi sínkì bò ni kí a béèrè, kí a sì wò bóyá àmì pupa ń ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Oríkèé pákó ni a ń fi òwú tàbí àkísà dí, tí a sì ń fi ọ̀dà kùn lé lórí. Egungun ọkọ̀ ni igi tí a fi dábùú inú rẹ̀; bí ó bá jìnnà sí ara wọn jù, pákó a máa mì bí ìgbì ti ń lù ú, òwú a sì tú. Ọ̀nà kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti mọ ọkọ̀ tí ń jò. Kí a bu omi sínú rẹ̀ nígbà tí ó wà lórí ilẹ̀, kí a sì lọ jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan. Ibi tí omi bá gbà jáde, ibẹ̀ náà ni yóò gbà wọlé. Ẹni tí ń tà á lè bínú. Kí ó bínú.

Ní ti ìwọ̀n rẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé ènìyàn méjì pẹ̀lú àwọ̀n àti ẹja wọn kò gbọdọ̀ dín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún ní gígùn. Ọkọ̀ tóóró a máa sáré lórí odò Ògùn, a sì máa rọrùn láàárín àpáta. Ṣùgbọ́n orí adágún kì í ṣe odò. Ìjì oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe a máa dé lójijì lẹ́yìn ọ̀sán, afẹ́fẹ́ a sì rí àyè sáré lórí omi tí kò ní igi, ìgbì a sì dìde. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ tóóró ń yí dànù. Fún adágún, kí isàlẹ̀ ọkọ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì lè jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan náà kí ó má dà wọ́n nù, kí a sì dán èyí wò létí omi kí a tó san owó. Nígbà tí ẹrù bá pé nínú rẹ̀, ohun tí ó kù lára ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lókè omi kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì ìgbọ̀nwọ́. Ohun tí ó bá lé sí i, kí ó dúró de ìrìn kejì, ìbáà ṣe àpò gààrí, ìbáà ṣe ìyá ọkọ ẹni.

Bí èyí bá dà bí àṣejù, kí olùkàwé rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Òkúdù ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ kan tí ó kún fún àwọn tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ rì lórí odò Ọya ní ìhà Pategi, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Òru ni, ènìyàn sì pọ̀ ju agbára ọkọ̀ lọ. Igi tí ó wà lábẹ́ omi ni ọkọ̀ náà kọlù. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Igi abẹ́ omi kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá, nítorí níbikíbi tí a bá ti dí odò, omi a máa bo igi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú kùkùté rẹ̀, nígbà tí omi bá sì fà ní ọ̀gbẹlẹ̀, orí wọn a súnmọ́ òkè láìhàn sí ojú. Apẹja tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà. Àgbẹ̀ tí ó ra ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà kí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé ẹlòmíràn lọ fún oṣù kan ní ojúmọmọ, kí ó máa jókòó síwájú, kí ó sì máa wo omi.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì wá kàn. Àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ tí ó nípọn lẹ́nu, kò sì yẹ kí a rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n ní ẹja kì í dúró de ènìyàn, pé ẹni tí ó bá fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ a dé èbúté nígbà tí àwọn obìnrin tí ń ra ẹja lọ sí Láfẹ́nwá tàbí Ìtòkú ti bá ọ̀nà lọ, àti pé nígbà tí ìjì bá ń bọ̀, ẹ́ńjìnnì ni ó lè sá fún un. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ṣírò. Kí ó tó di ìparí oṣù Èbìbí ọdún 2023 tí Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó lítà kan kò tó 200 náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000 náírà. Bí ẹ́ńjìnnì kékeré kan bá mu lítà márùn-ún lóòjọ́, tí a sì ká lítà kan sí 1,000 náírà péré, 5,000 náírà ti lọ kí ìrù ẹja kan tó kan àwọ̀n. Bí apẹja náà bá lọ ní ogún ọjọ́ nínú oṣù, 100,000 náírà ni, a kò sì tíì ka òróró rẹ̀, a kò tíì ka àtúnṣe, a kò sì tíì ka owó tí ẹgbẹ́ ń retí. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìrìn wákàtí kan sí omi, tí kì í sì í kọjá ìyàwọ́ omi kan ṣoṣo láti dẹ àwọ̀n rẹ̀, àjẹ̀ méjì tó o. Ní ti ẹja tí ó lè bàjẹ́, iná ìyan-ẹja ní ètí omi yóò gbà á là ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ní ti ìjì, ẹni tí ó bá ń wo ojú ọ̀run bí ó ti ń wò ó ní àsìkò ìgbìn àgbàdo yóò ti wà nílé kí ó tó dé.

Ẹni tí ń kó ẹja àwọn ẹlòmíràn sọdá lójoojúmọ́ nìkan ni a lè wí pé ẹ́ńjìnnì yóò san owó ara rẹ̀ padà fún. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rà á, kí ó tẹ̀lé ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá nípa pípo òróró mọ́ epo. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń lò ní èbúté, lítà òróró kan sí àádọ́ta lítà epo ni. Ẹni tí ó bá dín in kù nítorí owó ń jó irin inú rẹ̀ ni. Kí ó máa wo omi tí ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí omi náà ni ó ń tù ú lára. Bí kò bá tú mọ́, kí ó pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà koríko orí omi ni ó dí ẹnu rẹ̀, ewé olódòdó àlùkò yẹn tí a kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní ìhà Àgbádárìgì ní ọdún 1984, tí ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀sà kan láti ìgbà náà. Kí àjẹ̀ ọwọ́ má sì kúrò nínú ọkọ̀ nítorí pé ẹ́ńjìnnì wà.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú gbogbo ọkọ̀, ti alájẹ̀ tàbí ti ẹlẹ́ńjìnnì, kò pọ̀, kò sì wọ́n. Ẹ̀wù amúniléfòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù tí ó bá wọ ọkọ̀, tí a sì wọ̀ sí ọrùn, kì í ṣe èyí tí a ká sábẹ́ ìjókòó. Ẹ̀wù tí a ká sábẹ́ ìjókòó ń gba ìjókòó là ni. Garawa tàbí igbá ìgbọ́nmi, tí a fi okùn so mọ́ ọkọ̀. Ọ̀pá gígùn. Òkúta tàbí irin ìdákọ̀ró pẹ̀lú okùn tí ó gùn ju jíjìn omi lọ lọ́nà mẹ́ta. Ọ̀bẹ mímú ní ìbàdí, nítorí àwọ̀n a máa dè ènìyàn mọ́ omi. Fèrè kan ní ọrùn. Fìtílà oníbátìrì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí òru bá àgbẹ̀ lórí omi. A sì lè fi kẹ́ẹ̀gì òróró tí ó ṣófo, tí a dé ẹnu rẹ̀ pinpin, so mọ́ abẹ́ ìjókòó níwájú àti lẹ́yìn. Bí omi bá tilẹ̀ kún inú ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí kì yóò jẹ́ kí ó rì tán, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì rí ohun dì mú. Láti inú pàǹtírí ọjà ni a ti lè rí wọn. Kò sí ìdí kan tí ọkọ̀ kankan lórí Ọ̀yán fi yẹ kí ó wà láìní wọn.

Nípa àwọ̀n, ọ̀rọ̀ ránpẹ́ tó. Ojú àwọ̀n tí ìka mẹ́ta kò lè gbà kọjá ń kó ọmọ ẹja tí ọ̀la ì bá jẹ. Ní ti àwọn tí ń da oògùn sínú omi, bí àwọn kan ti ń fi Gammalin 20, oògùn kòkòrò kókò, ṣe nígbà kan rí, wọn kì í ṣe apẹja. Láti ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi èròjà inú oògùn náà sí ara májèlé tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti mú kúrò nínú iṣẹ́ oko ní gbogbo ayé, omi tí wọ́n sì ń dà á sí ni Abẹ́òkúta ń mu.

Ó ku ta ni ó ni ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń dá owó ra ọ̀kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń dín gbèsè kù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà. Ọkọ̀ tí ènìyàn méjì ni, tí a kò sì sọ ẹni tí yóò gbọ́n omi rẹ̀ lẹ́yìn òjò, òjò kan ṣoṣo ni yóò rì í. Ẹ̀gbọ́n yóò rò pé Àbúrò ti lọ. Àbúrò yóò rò pé kò yẹ kí òun lọ kí Ẹ̀gbọ́n tó rán òun. Kí wọ́n ra ìwé kékeré kan, kí wọ́n kọ ọjọ́ ti ẹnìkínní àti ọjọ́ ti ẹnìkejì sí i, kí wọ́n kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, kí wọ́n sì yọ ìdá mẹ́wàá owó ẹja sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọkọ̀ kí wọ́n tó pín ìyókù. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ wọn tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lè kọ ọ́. Èyí sàn ju pé kí a máa fi ọmọ náà gbọ́n omi ọkọ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí agogo ilé ẹ̀kọ́ ń lù, àṣà kan tí ó burú púpọ̀ ní àwọn abúlé ètí omi.

Àrùn kan wà tí ó so mọ́ bí a ti ń gúnlẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dí odò Ọ̀yán ni àtọ̀sí ajá ti ń yọ àwọn abúlé ètí adágún lẹ́nu, àwọn ọmọdé ni ó sì ń mú jù. Ọmọ a máa tọ ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ a máa rẹ̀ ẹ́, ìwé kì í sì í wọ̀ ọ́ lórí. Aràn kékeré kan ni ó ń fà á. Inú ìgbín omi ni aràn náà ti ń dàgbà, a sì jáde sínú omi tí ó tòrò létí bèbè, a gba awọ ara wọlé lára ẹni tí ó bá dúró nínú rẹ̀. Ìtọ̀ ẹni tí ó ti ní in ni ó sì ń dá a padà sínú omi. Nítorí náà, apẹja tí ó ń wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nínú omi tí ó dé orúnkún ní àárọ̀ àti ní alẹ́ ń pè é wá bá ara rẹ̀. Kí àwọn tí ń lo èbúté kan náà da owó, kí wọ́n kan àtẹ̀gùn pákó tí yóò yọ wọ inú omi, kí ènìyàn lè ti orí rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ láìtẹ omi. Kí wọ́n sì gbẹ́ ṣáláńgá sí òkè, jìnnà sí bèbè. Ẹni tí ó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn: oògùn rẹ̀ tí a ń pè ní praziquantel wà, gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn ti wúwo tó ni a sì ń wọ̀n ọ́n, nítorí náà kí a má ṣe ra á lójú pópó.

Ìtọ́jú ọkọ̀ tí a gbẹ́ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ pákó, ibí yìí sì ni àwọn tí ó ní ìfẹ́ rere sí ọkọ̀ wọn ti ń fi ọwọ́ ara wọn bà á jẹ́. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ kò fẹ́ ọyẹ́. Bí a bá wọ́ ọ gòkè ní oṣù Ọ̀pẹ tí a sì fi sílẹ̀ nínú oòrùn, yóò là láti orí dé ìdí kí Ṣẹẹrẹ tó parí. Kí a fi í sínú omi, tàbí bí a kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, kí a fi òkúta rì í sí ibi tí omi kò ti jìn, tí kò sì sí ìṣàn, títí a óò fi tún fẹ́ ẹ. Àwọn tí ń kọjá lè rò pé olówó rẹ̀ ti ya wèrè.

Ọkọ̀ pákó, ẹ̀wẹ̀, kò lè gba ọ̀dà bí kò bá gbẹ. Àkókò rẹ̀ ni òpin ọdún, lẹ́yìn ìkórè, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán oko tuntun. Kí a wọ́ ọ gòkè, kí a dojú rẹ̀ dé lórí igi méjì kí ilẹ̀ má kàn án, kí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, kí ó lè gbẹ nínú ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí a fi ọ̀bẹ kékeré yọ òwú àtijọ́ tí ó ti rọ̀ kúrò nínú oríkèé, kí a má sì ṣe fi tuntun lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀lẹ ti ń ṣe. Kí a fi òwú tuntun rọ ọ́ dáradára, kí a yọ ìṣó tí ó ti dípẹtà, kí a sì kan òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, kì í ṣe sínú ihò kan náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà gbígbóná, ẹ̀ẹ̀kan, kí ó gbẹ, kí a tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ tì í padà sínú omi, yóò jò. Kí ẹ̀rù má ba olówó rẹ̀: kí ó so ó mọ́ èèkàn ní ibi tí omi kò jìn fún ọjọ́ méjì kí igi náà mu omi kí ó sì wú, kí ó gbọ́n omi rẹ̀ dànù, kí ó wá wò ó ní ọjọ́ kẹta.

Ẹni tí èbúté rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ìdídò, láti ibẹ̀ dé Láfẹ́nwá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tún mọ èyí: nígbà tí òjò bá pọ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, àwọn tí ń ṣọ́ ìdídò a máa ṣí omi sílẹ̀, odò Ògùn a sì lè kún ní ọjọ́ tí òjò kò kán ní Abẹ́òkúta. Èèkàn tí a rì sí bèbè ni omi yóò kọ́kọ́ hú. Ìdí igi tí ó dúró lórí òkè bèbè ni kí a so ọkọ̀ mọ́ ní oṣù méjèèjì wọ̀nyí, pẹ̀lú okùn gígùn tí yóò jẹ́ kí ó gòkè bí omi ti ń gòkè, kí a sì gbé àjẹ̀ lọ sí ilé.